Ẹ̀rọ Ìṣirò Òòfà Ayé ti NOAA: Ó Péye fún Òní, Kò Dé Ìgbà Ìyípo

Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí òòfà ilẹ̀ ayé ṣe rí níbi tó wà, Magnetic Field Calculator tí NOAA, àjọ tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì dára gan-an. Ọ̀fẹ́ ni.

WMM (World Magnetic Model), àwòṣe òòfà ayé, ni kí ẹ yàn fún òní. Ẹ̀dà 2025, tí wọ́n bá British Geological Survey, àjọ ìwádìí ilẹ̀ ti Britain, ṣe, yóò wúlò títí di ìparí 2029. Fún àtẹ̀yìnwá, ẹ yan àwòṣe kejì, IGRF. Ó dé 1900. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni Longitude, ìyẹn bí ibi kan ṣe wà sí ìlà-oòrùn (E) tàbí ìwọ̀-oòrùn (W): Èkó wà ní 3.4 E. Ẹni tó bá fi í sí W, tòsí Abengourou ní Ivory Coast ni èsì rẹ̀ yóò ti wá, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan.

Ẹ fi Porto Alegre ní Brazil dán an wò: 30 S, 51.2 W. Total Field (gbogbo agbára òòfà) ibẹ̀ kò tó 24,000 nT (nanotesla, ìwọ̀n agbára òòfà), bẹ́ẹ̀ apá kan Siberia kọjá 60,000. Ẹ tún un ṣe fún 1900, ẹ ó rí i pé ó ga ju báyìí lọ. Ẹwà iṣẹ́ yìí nìyẹn: ìrẹ̀sílẹ̀ náà hàn kedere.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn kéde pé àríwá àti gúúsù fẹ́ pààrọ̀ ipò. Ìyípo tó kẹ́yìn ti tó nǹkan bí 780,000 ọdún. Ní nǹkan bí 41,000 ọdún sẹ́yìn, òòfà yí padà fúngbà díẹ̀, ó sì tún padà sípò. Àpáta iná Laschamp ní Faransé ló jẹ́rìí sí i. Òòfà kì í kú tán nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ gan-an, bóyá kó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọ̀pá òòfà, ìyẹn orí rẹ̀ ti àríwá àti ti gúúsù, á wá ju méjì lọ, kọ́ńpáàsì ìlú kan kò ní bá ti ìlú kejì mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ìyípo kíkún ń gbà.

WMM kò lè tọpa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí pé ó gbà pé ìyípadà ọdọọdún kò yàtọ̀ fún ọdún márùn-ún. Ní 2019, ọ̀pá òòfà ti àríwá ń sáré lọ síhà Siberia ní bí 50 km lọ́dún, wọ́n sì ní láti tún àwòṣe 2015 ṣe kí àsìkò rẹ̀ tó pé.

Ẹni tó ń lo kọ́ńpáàsì, Declination (ìyàtọ̀ láàárín àríwá kọ́ńpáàsì àti àríwá gidi) nìkan ló nílò. Bó bá ní àmì ìyọkúrò, ìwọ̀-oòrùn ni. Ẹ̀rọ ìṣirò náà kò ka irin mọ́tò tàbí páànù ilé mọ́ ọn. Ẹ jìnnà sí wọn.