Sípíkà Component fún Ọkọ̀ Asáré: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Rà ní Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì ní Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ Celica tòkunbọ̀, Mazda MX-5 tàbí Toyota GT86, kì í pẹ́ kí ó tó fura pé ohùn orin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ọkọ̀ bá dúró, orin a máa dún dáadáa; ṣùgbọ́n bí ó bá ti bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Èkó, ariwo ẹ́ńjìnnì, sàléńsà àti táyà a gbé béèsì mì, ohùn akọrin nìkan ni yóò sì kù, tí yóò máa dún tín-ín-rín bí ẹni pé inú agolo ni ó ti ń kọrin. Inú ohùn ìsàlẹ̀ ni ariwo ọkọ̀ ti máa ń pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni béèsì gìtá àti ìró ìlù ńlá ń gbé. Nítorí náà, ohun tí mo fi wé ara wọn níhìn-ín ni bí sípíkà kọ̀ọ̀kan ṣe bá ilẹ̀kùn kékeré, ariwo púpọ̀ àti ojú ọjọ́ ìlú wa mu.

Coaxial àti component

Coaxial ni sípíkà tí tweeter rẹ̀, ìyẹn sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, wà láàrin wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, gan-an. Ojú ihò kan náà ni wọ́n ń dè é sí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní ti component, wúfà dá wà, tweeter dá wà, àpótí kékeré kan tí à ń pè ní crossover ni ó ń pín ohùn fún wọn: ohun tí ó bá ga ju nǹkan bí 3,000 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) yóò lọ sí tweeter, ìyókù yóò lọ sí wúfà.

Nínú ọkọ̀ asáré, ilẹ̀ ni àga máa ń wà, sípíkà ilẹ̀kùn a sì máa dojú kọ ojúgun ẹni tí ó ń wakọ̀. Ohùn tín-ín-rín kì í mọ bí a ṣe ń yà fún ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti dí i, ó parí náà nìyẹn. Component máa ń jẹ́ kí rewáyà gbé tweeter sókè sí ẹ̀gbẹ́ dígí ìta, kí ohùn lè máa wá láti iwájú, bí ẹni pé akọrin jókòó sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu: bí ohùn òkè bá sọnù, ó ṣòro láti mọ̀ bóyá akọrin wí pé "ṣà" tàbí "fà". Component ni mo fara mọ́ fún iwájú. Síbẹ̀, bí owó bá kéré, coaxial gidi sàn ju component ayédèrú lọ. Ti ẹ̀yìn kò yọ mí lẹ́nu rárá, nítorí kò sí ẹni tí ó ń jókòó pẹ́ níbẹ̀.

Ṣẹ́dà tàbí irin, bébà tàbí ike

Aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n fi ń ṣe ojú tweeter kan, irin ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn. Ilé iṣẹ́ Morel ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì gbajúmọ̀ fún ojú tweeter rírọ̀. Focal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1979, gbajúmọ̀ fún tweeter tí ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàlù aluminium àti magnesium. Ti ṣẹ́dà máa ń rọ̀ létí, a sì lè gbọ́ ọ títí tí a ó fi dé Ọ̀yọ́ kí etí má ro wá. Ti irin mọ́ gaara, ó sì ń gé ariwo kọjá, àmọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ asáré súnmọ́ ojú ẹni púpọ̀, ohùn a sì máa ta padà láti ara rẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Èmi yóò yan ṣẹ́dà fún ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kì í ṣí. Fún MX-5 tí a ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, irin ni mo máa yàn.

Wúfà oníbébà fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń jọ ti ènìyàn gan-an, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fi nǹkan kùn ún, omi òjò tí ń gba etí gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn yóò bà á jẹ́. Ti ike, tí wọ́n ń pè ní polypropylene, kò ka omi sí. Ẹ tún wo etí wúfà náà dáadáa: rọ́bà ni kí ó jẹ́, kì í ṣe fóòmù. Mo ti jẹ ìyà èyí rí. Mo ra onífóòmù kan tí ẹni tí ó tà á fún mi fi dá mi lójú pé ó máa pẹ́. Oòrùn ni ọkọ̀ mi máa ń jókòó sí ní Mọ́kọ́lá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì ju ọdún méjì lọ tí ìró hẹ̀rẹ̀hẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a tú ilẹ̀kùn, mo fi ìka kan etí sípíkà náà, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ sí mi lọ́wọ́ bí èérún búrẹ́dì.

Iye wáàtì

Ẹ má ṣe wo iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú páálí. RMS ni kí ẹ wá, nítorí òun ni agbára tí sípíkà lè gbé láìsinmi. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo sensitivity, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń pariwo tó pẹ̀lú iná díẹ̀, tí wọ́n ń fi dB (ìwọ̀n ariwo) kà. Bí sípíkà kan bá jẹ́ 90 dB tí èkejì jẹ́ 93 dB, ìdajì iná tí ti àkọ́kọ́ ń jẹ ni ti ẹ̀kejì nílò láti pariwo dọ́gba. Rédíò tí wọ́n kọ 50W x 4 sí lára kì í sábà fúnni ju nǹkan bí 20 RMS lọ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí kò ní ra amplifier, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn, gbọ́dọ̀ yan èyí tí dB rẹ̀ ga. Ẹni tí yóò bá ra amplifier, kí ó rí i dájú pé fíúsì wà lórí wáyà iná nítòsí bátìrì, kí ó má jìnnà ju ínṣì 18 lọ.

Ilẹ̀kùn gan-an

Bí owó bá wà nílẹ̀, ibí ni mo máa ní kí a ná púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Ohùn tí ó ń ti ẹ̀yìn wúfà jáde lòdì sí ti iwájú rẹ̀. Bí ihò bá wà lára irin ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì yóò pàdé, wọn yóò sì pa béèsì ara wọn. Kí rewáyà fi ohun tí kò ní jábọ́ bo àwọn ihò ńlá náà, kí ó sì lẹ àwọn abala butyl, ìyẹn rọ́bà tí ń lẹ̀, mọ́ irin kí ó má baà máa gbọ̀n. Sípíkà olówó kékeré nínú ilẹ̀kùn tí a dí dáadáa yóò lu béèsì ju olówó ńlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kí ó má dí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn o, nítorí ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde. Crossover kò gbọdọ̀ sí nínú ilẹ̀kùn. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ó wà.

Wúfà ínṣì 6.5 ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju ti ínṣì 5.25 lọ, òun ni ó sì dára bí ààyè bá wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì wọn bí ó ṣe jìn láti ojú ihò dé ara gíláàsì. Òòfà ẹ̀yìn sípíkà gbọ́dọ̀ kúrú ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ yọ crossover, kí ẹ fi DSP, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kékeré tí ń pín ohùn, àti amplifier ojú mẹ́rin ṣe é. Ó lè dára gan-an, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ṣoṣo lè rán béèsì lọ sí tweeter kí ó sì jó o. Crossover inú páálí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ìbáà jẹ́ Arárọ̀mí ní Gate tàbí ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge ni ẹ lọ, ẹ mú mítà tí rewáyà fi ń wọn iná dání. Wúfà tí wọ́n bá pè ní ohm 4 yóò fi nǹkan bí 3.2 sí 3.6 hàn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán, kí rewáyà yọ wáyà sípíkà kúrò lẹ́yìn rédíò, kí ó fi bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo tọ́ ọ, kí ẹ sì máa wo ojú wúfà: bí ti ọ̀tún bá yọ síta, ti òsì náà gbọ́dọ̀ yọ síta. Bí ọ̀kan bá wọlé tí èkejì jáde, wáyà ti yí, béèsì yóò sì sọnù.

Orin tí ìyáàlù wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ gbọ́ ọ níbi tí ọkọ̀ dúró sí, kí ẹ wá gbé e gba Toll Gate jáde pẹ̀lú ohùn rédíò níbi tí ẹ fi í sí, kí ẹ sì fetí sí i bóyá ẹ ṣì ń gbọ́ ohun tí ìlù náà ń wí.