Ògbójú Ọdẹ àti ìwé Ọbasá: bí èmi àti ìyá mi àgbà ṣe kà wọ́n ní Kétu

Aránṣọ ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ má retí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni iná ti ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kì í sì í ṣiṣẹ́ lálẹ́ mọ́. Mo bá ń ka ìwé sí ìyá mi àgbà létí nídìí àtùpà. Méjì la ti kà: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tó jáde ní 1938, àti ìwé ewì Dénrelé Ọbasá ti 1927, Ìwé Kìn-ín-ní ti Àwọn Akéwì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà náà ná. Ẹnì kan tó ń kó ìwé wọlé láti Nàìjíríà ló ta Ògbójú Ọdẹ fún mi ní 2,500 sẹ́fà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ojú ìwé mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́jọ mìíràn ò sì sí níbẹ̀ rárá. Mo gbé e padà lọ bá a. Ó ní ṣebí iye rẹ̀ pé, kí ló tún kù! Ẹ ṣí ìwé yín wò níwájú ẹni tó ń tà á, kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ni mo ti yá èyí tó pé.

Wàhálà kejì, tèmi ni. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, bí ìjọba Benin sì ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n fi kọ́ wa: ɛ àti ɔ, sh, kp. Gbogbo àmì tí àwọn ará Nàìjíríà ń fi sábẹ́ lẹ́tà yẹn, mo kọ́kọ́ rò pé eruku ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké bí ọmọ ilé-ìwé, kí ojú mi tó là.

Ẹ má fi ojú nìkan ka Fágúnwà. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sú mi, ọ̀rọ̀ pọ̀ jù. Lálẹ́ tí mo kà á sókè, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa to ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá jọ, èémí rẹ á fẹ́ẹ̀ tán, ibẹ̀ gan-an ló sì máa jẹ́ kóo sinmi. Nígbà tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, pàdé Agbákò, ẹbọra kan tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, Ìyá dá mi dúró: "Ta ló dúró kà wọ́n?" A rẹ́rìn-ín títí àtùpà fi fẹ́ẹ̀ kú.

Ṣùgbọ́n ìwé yìí bí wa nínú. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Àkàrà-ògùn ti sọ pé àjẹ́ ni ìyá òun. Bàbá rẹ̀ yìnbọn fún ẹranko kan, ó wá jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló yìn ín fún. Ìyá mi àgbà ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ló pe ìyá rẹ̀?"

Mo tún un kà.

"A kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Àwọn ìyá wa ni."

Ọmọ Kétu ló lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Àwọn ni à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún. Ẹni tó ń kọrin lóru Ẹ̀fẹ̀, òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pàápàá, tó máa bú olè, tó máa bú alágbèrè, tó máa bú ìjòyè, ìbà wọn ló kọ́kọ́ ń jú. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí Fágúnwà bá ti kọ "àjẹ́," "ìyá" ni mò ń kà. Mo rò pé Ìyá mọ̀.

A tún bá Kàkò pàdé, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé náà. Àwọn ọdẹ ń lọ sí Òkè Lángbòdó, obìnrin Kàkò dì mọ́ ọn pé kò ní í fi òun sílẹ̀, ni Kàkò bá pa á. Ó tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìtàn sì ń lọ. Ìyá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ṣé wọ́n sin ín?" Mo ní kó jẹ́ ká lọ sùn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn máa ní akíkanjú ni Kàkò. Ó dáa. Ní ilé-ìwé wa níbí, nínú ogún ni wọ́n ti ń fúnni ní máàkì: mo fún Fágúnwà ní 15, Kàkò ló jẹ márùn-ún tó kù. Ìwàásù Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tó ń kọ́ àwọn ọdẹ náà lọ́gbọ́n, ọjọ́ méje gbáko nínú ilé olójúléméje, ì bá tún já méjì sí i lọ́wọ́ mi, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni Ìyá fẹ́ràn jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.

Ti Ọbasá, ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì ni, ẹ̀gbọ́n mi kan ló mú un bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni ọkùnrin yìí ṣà jọ, ó fi tirẹ̀ kún un. Bí mo bá dá nìkan kà á, ó máa ń dà bí ìgbà tí òwe ń wọ́ tẹ̀lé òwe, oorun á sì máa kùn mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ka ìdajì ìlà síta, Ìyá ti gba ìdajì kejì lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ kò mọ ɛ yàtọ̀ sí ɔ. Nígbà mìíràn tirẹ̀ kì í bá ti ìwé mu. Á ní, "Ará Ìbàdàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," á wá sọ tiwa. Mò ń fi pẹ́ńsùlù kọ tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù, Ìyá ò tíì tún un ṣe tán.