Àwo CMT fún àwa tí a ń fún wàrà ewúrẹ́

Ẹni tó bá ń fún wàrà ewúrẹ́ tà kò yẹ kó wà láìní àwo California Mastitis Test nílé, àwo tí a fi ń dán wàrà wò bóyá àrùn ọmú wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CMT. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àrùn ọmú tó ń jẹ wá lówó jù kọ́ ni èyí tó wú gbàǹgbà tí gbogbo ayé ń rí. Èyí tó fara pamọ́ ni. Ewúrẹ́ pupa Sókótó ni mò ń sìn nítòsí Mọ́níyà. Ẹran á máa jẹun, ọmú rẹ̀ á rọ̀, wàrà rẹ̀ á funfun báláú, àmọ́ iye tó ń jáde á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mo máa ń se wàràkàṣì, ìdí ìkòkò ni mo ti ń fura: ewé bọmubọmu kan náà, iná kan náà, síbẹ̀ wàrà kò ní dì dáadáa.

Ike funfun ni àwo náà, ó ní ọwọ́ tí a ń dì mú àti ife pẹlẹbẹ mẹ́rin, torí orí ọmú mẹ́rin ni màlúù ní. Ọdún 1957 ni Schalm àti Noorlander gbé ìdánwò yìí jáde, màlúù ni wọ́n sì fojú sùn. Ife méjì ti tó ewúrẹ́ kan. Oògùn olómi aláwọ̀ àlùkò ló ń bá a rìn. Tó bá jẹ́ èyí tó ki lẹ rà, omi lẹ ó fi là á bí ara ìgò bá ṣe sọ.

Màá fọ ọmú, màá nù ún gbẹ, màá fún ti àkọ́kọ́ sínú ife dúdú kí n lè rí i bóyá nǹkan dídì wà nínú rẹ̀, màá sì dà á nù. Lẹ́yìn náà, ọmú òsì sínú ife òsì, ọ̀tún sínú ọ̀tún, díẹ̀ péré. Màá bu oògùn sí i kó ṣe déédéé pẹ̀lú wàrà, màá wá máa rọra yí àwo náà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Wàrà tó dára á máa ṣàn lọ ṣàn bọ̀ wẹ́rẹ́. Tí àrùn bá wà ńbẹ̀, á nípọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ọbẹ̀ ilá. Tó bá le gan-an, á kó ara jọ sáàárín ife. Ọṣẹ inú oògùn náà ló ń fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara ẹran rán lọ bá kòkòrò jà, ohun tó tú jáde lára wọn ló ń fà yẹn. Ẹ tètè wò ó, torí kò ní pẹ́ tí á fi tún rọ̀ padà.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún tí mo fẹ́ fún àwo yìí, ìwé inú páálí rẹ̀ ni mo torí rẹ̀ yọ ìràwọ̀ kan. Màlúù nìkan ló ń bá wí. Ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le koko pàápàá, sẹ́ẹ̀lì inú wàrà rẹ̀ ju ti màlúù lọ, ó tún ń pọ̀ sí i nígbà tó bá ń wá akọ àti nígbà tí wàrà bá fẹ́ gbẹ. Ti ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bímọ kò ṣeé gbára lé rárá. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ìwé yẹn ṣáá, ẹ ó máa gún ẹran tí nǹkan kan kò ṣe lábẹ́rẹ́. Ẹ fi ọmú kan wé èkejì. Tí méjèèjì bá nípọn díẹ̀ bákan náà, ọkàn mi á balẹ̀, màá tún un dán wò lọ́jọ́ mìíràn. Tí òsì bá ń fà tí ọ̀tún ń ṣàn, òsì yẹn ni kí ẹ mú lọ́ràn.

Àwo kò lè sọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ dókítà ẹran nìyẹn. Ẹ fi òwú tó ní spírítì nu ẹnu ọmú, kí ẹ fún wàrà sínú ìgò mímọ́ kí ẹran tó gba oògùn kankan, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Tí dókítà bá kọ tíúbù oògùn tí a ń tì sínú ọmú, ẹ rántí pé màlúù ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún: ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ni kó wọlé. Ẹ má sì pín tíúbù kan fún ọmú méjì, kòkòrò lẹ ó fi kó láti ọ̀kan sí èkejì. Wàrà ẹran náà kò gbọdọ̀ dé ọjà títí ọjọ́ tí dókítà dá á fi pé.

Àmọ́ tí ẹ bá bá ọmú tó tutù, tó ń dúdú, tí ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ tí kò jẹun, ẹ má wá àwo kankan. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus ló sábà ń fa irú èyí, ó sì lè pa ẹran kíákíá. Dókítà ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.

Àwo kì í tán, oògùn rẹ̀ ló ń tán, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn ẹran lẹ ti lè bèèrè rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ojú ìwé kan nípa ewúrẹ́ kún páálí náà, wọ́n á gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ mi.