Oṣù mẹ́jọ tí mo fi kọ́ jiu-jitsu lórí fóònù, àti ìdánwò tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀

Mo ti kọ àgbéyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀kan rí. Ìràwọ̀ kan ni mo fún ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà náà. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo kọ, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ èébú. Kọ́lá, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná." Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú ti yí padà.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lókè òkun, Brazilian jiu-jitsu, irú ìjàkadì kan tí wọ́n ń jà nílẹ̀, ni wọ́n ń kọ́ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n lè ti àkáǹtì mi pa, mo sì ṣì ń lò ó. Dọ́là 25 ni lóṣù. Ẹ ó máa wo fídíò, ẹ ó máa fi ohun tẹ́ ẹ wò dánra wò nílé, bó bá yá ẹ ó ya fídíò ara yín fún ìdánwò, olùkọ́ tó ní bẹ́líìtì dúdú, ti àwọn ọ̀gá, á wò ó, á sì sọ bóyá ẹ yege. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n máa lọ sí Èkó. Kí n máa gba ọ̀nà márosẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, torí kí ẹnì kan lè fún mi lọ́rùn?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n kí n tó gbàgbé.

Àwa tá a jà gídígbò lórí yanrìn nígbà tá a wà lọ́mọdé mọ òfin kan ṣoṣo: bí ẹ̀yìn rẹ bá ti kan ilẹ̀, ó parí, dìde kí ẹlòmíì wọlé. Òfin yẹn ti wọ̀ mí lára dé egungun. Jiu-jitsu wá ní ibi tí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹni tó wà lókè níbàdí, kó fà á mọ́ra, kó dà á nù, kó gba ọwọ́ rẹ̀ tàbí ọrùn rẹ̀. Guard ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ara mi fi kọ̀ ọ́. Bí Kọ́lá bá ti tì mí ṣubú báyìí, mo ti ń fò dìde bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìtìjú. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní apá yìí, ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ méjèèjì ti ká jọ bí àkàrà tó jóná, fi ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé ìyíra kan ṣoṣo: bí wọ́n ṣe ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, tí ìdí ń sá sẹ́yìn, kí orúnkún lè ráyè wọ àárín. Ó yà á láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti ibi ẹsẹ̀. Ó tún ya ti ẹni tó ń ṣe é lódì, ó sì sọ ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́. N kò rí olùkọ́ tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ rí nílé-ìwé, mo sì lọ ilé-ìwé.

Wọ́n ní fídíò kan nípa ibi tí iṣẹ́ náà ti wá, èyí tí mo wò lẹ́ẹ̀mejì: bí Mitsuyo Maeda, ọmọ Japan tó kọ́ júdò ní ilé-ẹ̀kọ́ júdò tí wọ́n ń pè ní Kodokan, ṣe dé Brazil ní 1914, tó fìdí kalẹ̀ sí Belém, tí Carlos Gracie kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí Hélio àbúrò Carlos, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, wá ń wá bí ẹni tó rù ṣe lè fi borí ẹni tó sanra. Royce ọmọ Hélio ló gba UFC àkọ́kọ́, ìdíje tí àwọn oníjà oríṣiríṣi ti ń bára wọn jà, ní Denver ní Amẹ́ríkà ní 1993. Ọkùnrin mẹ́ta ni Royce borí lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wúwo jù ú lọ. Kìló 61 ni mo wọ̀n. Ìtàn yẹn ló mú mi sanwó. Ṣebí àwọn Àgùdà kó frejon bọ̀ wá fún wa láti Brazil, kí ló dé tí n kò ní gba èyí náà?

Pálọ̀ wa la fi ṣe pápá. A tẹ́ fóòmù àlejò méjì sílẹ̀, a ti àga mọ́ ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá onílé tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gòkè wá, wọ́n bi ìyàwó mi léèrè bóyá kí àwọn pe àwọn ẹbí. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin àgbàlagbà," wọ́n sì padà sísàlẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni mo lò kí n tó gbà pé mo tó ìdánwò ìpele kìíní ṣe, èyí tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní ìlà àkọ́kọ́ lórí bẹ́líìtì funfun, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ń gba dọ́là 40 lọ́tọ̀. A gbé fóònù lé orí fíríìjì, a ya ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́, ó dé 93 nínú ọgọ́rùn-ún, iná lọ. Ìgbà kejì, dátà tán. Ìgbà kẹta, mo dìde ní aago méjì òru, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà, ó sì gòkè. Inú mi dùn. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí àlẹ́ẹ̀tì báńkì fi wọlé: dọ́là 40. Òmíràn tún tẹ̀ lé e: dọ́là 40.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ níbí, torí mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn pé wọ́n gé owó mi lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ẹni àkọ́kọ́ dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn, ó ní ṣé mo ti yẹ àkáǹtì mi wò dáadáa. Mo fi àwòrán àlẹ́ẹ̀tì méjèèjì ránṣẹ́. Ẹni kejì, tí orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀, ní báńkì mi ló máa dá owó náà padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Mo lọ sí báńkì, mo tò fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ wò ó, sà. Owó yín ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ló wà." Mo ya ìyẹn náà, mo fi ránṣẹ́. Ẹni kẹta ní nítorí orílẹ̀-èdè tí mo ti ń sanwó, wọ́n ní láti mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ èmi. Kí n ya ara mi níbi tí mo ti di káàdì ìdánimọ̀ mú. Mo di ìwé NIN mi mú. Wọ́n ní bébà ni, káàdì ni àwọn fẹ́. Mo di káàdì ìdìbò mú. Wọ́n ní àwòrán náà ṣókùnkùn. Mo jáde síta nínú oòrùn ọ̀sán, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé káàdì sí àgbọ̀n bí ọ̀daràn, àwọn ọmọṣẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ẹ̀rín wọn sì wà nínú àwòrán náà. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo fi ránṣẹ́. Ẹni kẹrin dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn, ó ní ṣé mo ti yẹ àkáǹtì mi wò dáadáa.

Ìméèlì mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín èmi àti wọn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù tí n kò ní.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ni èsì ìdánwò dé. Obìnrin kan tí kò lè jù mí lọ ló wo fídíò mi. Ó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ, èyí tí àwọn ará ìméèlì kò lè kọ láìṣe àṣìṣe. Ó yin bí ìdí mi ṣe ń sá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó dá fídíò mi dúró, ó fi ìlà pupa yí ọwọ́ ọ̀tún Kọ́lá ká. Ó ní kí n wò ó: ọwọ́ yẹn ti kan ilẹ̀ kí n tó tì í. Ó sún un síwájú, ó tún dá a dúró. Kọ́lá ti ń ṣubú sápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì kàn án. Nígbà tó máa fi di ìṣẹ́jú kẹsàn-án, mo wà lẹ́yìn Kọ́lá, mò ń fún un lọ́rùn, Kọ́lá ti ń gbá mi lápá pé ó tó, apá náà ò sì tíì dé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ló dá a dúró. Ó wá ní kì í ṣe èmi ni mò ń gbé ẹni yìí ṣubú, òun ló ń ṣubú fún mi. Kí n padà wá lẹ́yìn oṣù méjì.

Dọ́là 80 ti bá a lọ o. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ìràwọ̀ kan. Nígbà tí Kọ́lá gba fóònù tán, mo bi í: "Kọ́lá, ṣé o máa ń ṣubú fún mi ni?"

Ó wolẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ má bínú."

"Dá mi lóhùn."

"Àǹtí mi ló ní kí n má ṣe yín léṣe. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn yín, pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ bùkátà ilé."

Mo yíjú sí ìyàwó mi. Ó ń bu ọbẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé mo parọ́ ni?"

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìjà àwọn àgbà tó wà ní bẹ́líìtì funfun nínú ìdíje IBJJF, àjọ tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu. Mo gbé fóònù fún ìyàwó mi kó wo aago, mo ní kí Kọ́lá gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún un. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kó ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń kó aṣọ ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀nà, ó sì dùbúlẹ̀ lé mi láyà. Ní ìdíje, máàkì mẹ́ta nìyẹn. Ó gun orí ikùn mi: mẹ́rin. Mo ṣe ohun tí ẹlẹ́tí àkàrà kọ́ mi, ìdí mi ò sá lọ síbì kankan, ọmọ náà wúwo bíi jẹnẹrétọ̀. Mo bá dojú bolẹ̀, àṣìṣe tí gbogbo fídíò wọn ti kìlọ̀ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há mi láti ẹ̀yìn: mẹ́rin mìíràn. Mọ́kànlá sí òdo. Apá rẹ̀ wọ abẹ́ àgbọ̀n mi.

Wọ́n ti sọ ọ́ nínú fídíò pé kì í ṣe èémí ni irú ìfúnlọ́rùn yẹn ń dí, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì ni, pé ẹni tí kò bá tètè gbá ọwọ́ lè dákú láàárín bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá. Mo mọ̀ ọ́n, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé. Kò dùn mí rárá. Etí mi kàn ń hó, tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri ń jìnnà sí mi. Mo gbá a lápá. Ó tú mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó mi ní ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ǹdì àádọ́ta.

Ìgbà tí mo tún wo fídíò olùkọ́ yẹn lẹ́yìn ìyẹn, mo rí i pé kò bú mi níbì kankan. Ó ti jókòó ka ọwọ́ Kọ́lá lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tí kò rí rí, tí kò lè rí láéláé. Mo kọ̀wé sí i. Ọjọ́ méjì ló fi dáhùn. Ó ní kí n má wo ẹ̀kọ́ tuntun kankan ná. Kí Kọ́lá ti wà lórí ikùn mi kí a tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró síbẹ̀, iṣẹ́ tèmi ni kí n kúrò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó bọ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pariwo débi pé Bàbá onílé tún gòkè wá.

Ohun tó wá ń bí mi nínú báyìí nìyí. Lójú ìwé tí wọ́n fi ń polówó, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ kan tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ti tó. Irọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ gan-an ni ìṣòro. Fídíò lè fi ọ̀nà hàn mí láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti ibi ẹsẹ̀, kò lè wúwo lé mi láyà. Wọ́n mọ̀, obìnrin yẹn sì mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ fún mi lóṣù kìíní, àfi ìgbà tí mo san owó ìdánwò tán?

Dọ́là 40 mi kò tíì padà. Ìméèlì tó dé kẹ́yìn ní wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Láàárọ̀ yìí ni mo san ti oṣù tó ń bọ̀, mo sì dúró wo fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún bóyá àlẹ́ẹ̀tì kejì á wọlé.