Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà olórúkọ wọlé: ẹ ṣọ́ra fún olùtajà “ojúlówó” àti ajẹ́ńtì tó ń rán síni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà olórúkọ láti òkè òkun tí ẹ sì ń tún un tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó tún sanwó fún ẹnikẹ́ni. Jìbìtì kan wà níta báyìí tó pín sí apá méjì. Apá kìíní ni olùtajà tó ń búra pé inú ilé iṣẹ́ gan-an ni ọjà òun ti wá. Apá kejì ni ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ńtì trademark, ìyẹn ẹni tó ń bá èèyàn bójú tó ẹ̀tọ́ orí orúkọ àti àmì ọjà, tó máa ń yọjú ní kété tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti dá ẹrù dúró. Ẹni kejì yìí ló ń ṣe èèyàn léṣe jù, torí pé ìgbà tí ọkàn ẹni bá ti dàrú tán ló máa ń dé.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣòwò ló kó sí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Lọ́fínńdà ló rà. Olùtajà náà kò gbé ayédèrú fún un o, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Ọjà náà dára, òórùn rẹ̀ pé. Ó tún fi ìwé kan hàn án tó ní ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà ló fún òun. Mo fojú ara mi rí ìwé yẹn. Àmì ilé iṣẹ́ wà lókè, òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀, ẹnì kan sì buwọ́ lù ú. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọ́n gba ẹni tó mú ìwé náà dání láyè láti máa ta ọjà àwọn. Wọn ò kọ orílẹ̀-èdè tó ti lè tà á. Wọn ò dárúkọ ọjà kankan. Kò sí déètì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹni tó ń kó ọjà láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló kọ ọ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń mú wa. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fún ilé iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ trademark lórí orúkọ àti àmì ọjà rẹ̀, ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kan kì í sì í ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ kejì. Tí ilé iṣẹ́ bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ta ọjà kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ẹyọ ọjà yẹn parí, ẹni tó rà á lè tún un tà. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ibo ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ tà á kí ẹ̀tọ́ yẹn tó parí? Àdéhùn TRIPS, tó de gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ìṣòwò àgbáyé WTO, kò dáhùn ìbéèrè yìí. Abala 6 rẹ̀ fi í sílẹ̀ kí oníkálukú ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní ibikíbi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ tà á láyé, ó ti tán. Àwọn mìíràn ní àfi tó bá jẹ́ ilẹ̀ tiwọn. Àwọn ará Yúróòpù ní àfi tó bá jẹ́ inú agbègbè ọrọ̀ ajé tiwọn. Nítorí náà, ọjà kan náà, nínú páálí kan náà, lè bófin mu ní èbúté kan kó sì di ẹ̀sùn ní èbúté kejì. Olùtajà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ó kàn ń dákẹ́ ni.

Ẹ wo ẹjọ́ Silhouette. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò ojú ni, Austria ni wọ́n wà. Lọ́dún 1995 wọ́n ta férémù 21,000 tí àrà rẹ̀ ti di ti àtijọ́ fún ilé iṣẹ́ kan ní Bulgaria, ìlú tí kò tíì sí nínú EU, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, nígbà yẹn, wọ́n sì ní kí wọ́n má tà á kọjá apá ibẹ̀ yẹn. Kò pẹ́ tí Hartlauer, ilé ìtajà kan ní Austria, fi gbé awò yẹn kan náà sórí àtẹ. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, kò sí ayédèrú níbẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 1998, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dájọ́ pé orílẹ̀-èdè kankan nínú wọn kò gbọdọ̀ ka ọjà tí wọ́n kọ́kọ́ tà lóde agbègbè wọn sí èyí tí ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti parí.

Ẹjọ́ Zino Davidoff, ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ọjà náà, tẹ̀lé e ní 2001, ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà ló sì wà nínú òun náà. Alágbàtà kan ní Singapore ni wọ́n tà á fún, ó sì tún dé Ìlú Ọba. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá sọ pé ilé iṣẹ́ gba òun láyè ni kó mú ẹ̀rí wá, àyè náà sì gbọ́dọ̀ hàn kedere. Pé ilé iṣẹ́ dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Pé wọn ò kọ ìkìlọ̀ kankan sára ọjà kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Tí olùtajà bá wá sọ fún yín pé “bí wọn ò bá fẹ́, wọn ì bá ti kọ ọ́ sára páálí,” ẹ rántí ẹjọ́ yìí. Amẹ́ríkà ní ìlànà tirẹ̀: látìgbà ẹjọ́ Lever Brothers tó parí ní 1993, lórí ọṣẹ Shield àti ọṣẹ ìfọbọ́ Sunlight tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba tó sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, kọ́sítọ́ọ̀mù wọn lè dá ọjà ojúlówó dúró bí èròjà rẹ̀ bá yàtọ̀, àyàfi tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ọn láti sọ fún oníbàárà pé onítrademark ti Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i àti pé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó dáa. Ẹrù ẹni wa tó ra lọ́fínńdà yẹn dé, kọ́sítọ́ọ̀mù dá a dúró. TRIPS fún onítrademark ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti lọ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, wọ́n sì lè fi 10 mìíràn kún un. Inú ọjọ́ péréte yẹn ni oníjìbìtì ti ń rí jẹ. Olùtajà ní kó má dààmú, pé òun mọ ajẹ́ńtì kan tó ń yanjú irú ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé lórí WhatsApp nìyí: “Ẹ má fòyà rárá. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ fún mi, àárín èmi àti ẹ̀yin ni, òfin ló dáàbò bò ó. Ẹ sọ gbogbo òótọ́ fún mi, iye tí ẹ ti tà, àwọn tí ẹ tà á fún, gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣé ẹ ti dárúkọ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù?”

Ẹ tún ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Ajẹ́ńtì tó bá ń ṣojú yín, kí ló kàn án nínú pé ẹ ti dárúkọ olùtajà tàbí ẹ ò tíì dárúkọ rẹ̀? Olùtajà ló rán an. Ó wá wádìí ohun tí ẹ mọ̀ àti ohun tí ẹ ti sọ.

Ẹni wa tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láàárín rẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé: “Mo ti ń fura láti ọjọ́ tí mo ti rí i pé wọ́n ha nọ́ńbà ìsàlẹ̀ páálí kúrò.” Gbólóhùn kan péré. Nọ́ńbà yẹn ni ilé iṣẹ́ fi ń mọ alágbàtà tó tú ọjà síta, kò sì sí ẹni tó ń ha á lásán. Nígbà tí owó tí ajẹ́ńtì ń béèrè di ìlọ́po, tí ẹni wa ní òun ò ní mọ́, àwòrán gbólóhùn yẹn ni ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ padà sí i, ó ní lọ́yà ilé iṣẹ́ yóò fẹ́ràn láti rí i. Òótọ́ ló sọ, ilé ẹjọ́ ń wo ti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò mọ̀.

Kí ni ì bá dáàbò bo ọ̀rọ̀ yẹn? Òfin ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ máa ń bo ọ̀rọ̀ tó bá wáyé láàárín lọ́yà àti oníbàárà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fipá gbé e wá sí kóòtù. Àwọn ilẹ̀ kan ti na ààbò yẹn dé ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì trademark, ṣùgbọ́n àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà, ìwé orúkọ àwọn ajẹ́ńtì tí òfin mọ̀, ni wọ́n ń wí. Ìlú Ọba fi í sínú òfin trademark wọn ti 1994, ní abala 87. Ọsirélíà fi í sínú tiwọn ti 1995, ní abala 229. Ní Kánádà, oṣù Kẹfà ọdún 2016 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí ènìyàn bá bá ajẹ́ńtì tí kì í ṣe lọ́yà sọ lè di ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Ní Amẹ́ríkà, lọ́yà ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ trademark, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 sì ni ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ ti gbọ́dọ̀ lo lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ ibẹ̀ kó tó lè fi orúkọ sílẹ̀.

Ibi tí àwọn oníjìbìtì ń fara pamọ́ sí ni pé Ìlú Ọba kò sọ pé ẹni tí kò sí nínú rẹ́jísítà kò gbọdọ̀ bá èèyàn ṣe iṣẹ́ trademark. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kó pe ara rẹ̀ ní ẹni tó wà nínú rẹ́jísítà nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ “ajẹ́ńtì”, “olùdámọ̀ràn”, “ọ̀gá nínú iṣẹ́ trademark”, tí wọ́n ń sá fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní ìtumọ̀ lójú òfin, ìyẹn pé àwọn wà nínú rẹ́jísítà. Àtọwọ́dá gbáà ni “òfin ló dáàbò bò ó” tó bá ti ẹnu irú wọn jáde.

Ẹ má sì rò pé ajẹ́ńtì gidi yóò bo ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ trademark ni ààbò náà wà fún; tí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ owó orí tàbí bí ẹ ṣe pín owó láàárín ara yín, ẹ wà níta. Tí ẹ bá tún ìmọ̀ràn rẹ̀ fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù àwọn oníṣòwò, ẹ ti fọwọ́ ara yín tú u. Ẹni tó bá sì ń béèrè bí òun yóò ṣe lu ẹlòmíì ní jìbìtì, òfin kò bo ìyẹn rárá.

Ọ̀nà àtiwádìí wọn kò le. Rẹ́jísítà wọ̀nyí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni: IPReg ló ń tọ́jú ti Ìlú Ọba, CPATA ni ti Kánádà láti 2021, EUIPO, ọ́fíìsì trademark ti EU, sì ní ti àwọn aṣojú tó ń bá èèyàn ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má lo nọ́ńbà fóònù tí ajẹ́ńtì fún yín; inú rẹ́jísítà ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ pe ọ́fíìsì náà, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń kọ̀wé sí yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti rí èyí tó jí orúkọ ajẹ́ńtì tòótọ́ lò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti forúkọ ọjà tiyín sílẹ̀, ẹ má rò pé kò kàn yín. Gbogbo ènìyàn ló lè rí ìwé trademark yín, àwọn oníjìbìtì sì ń ti ibẹ̀ mú orúkọ àti àdírẹ́sì láti fi ìwé owó èké ránṣẹ́, bí ẹni pé ìjọba ló ń béèrè owó ìsọdọ̀tun. WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun ìní ọpọlọ, àti USPTO, ọ́fíìsì trademark ti Amẹ́ríkà, kó àpẹẹrẹ àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ jọ sórí ìkànnì wọn. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní South Carolina rán ọmọ ilẹ̀ Látífíà kan lọ sẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún 4 nítorí rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó fi ń gba owó fara jọ ti ìjọba tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì yóò sanwó.

Tí wọ́n bá ti dá ẹrù yín dúró báyìí, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, ì báà dun yín tó. Pípa ẹ̀rí rẹ́ lè di ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀. Ẹ kàn dá ọ̀rọ̀ sísọ dúró. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun fún olùtajà, ẹ má sì lo ẹni tó bá rán wá. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ajẹ́ńtì tàbí lọ́yà tuntun, ẹ má tíì sọ ìtàn kankan: ẹ kọ́kọ́ bi í ní nọ́ńbà rẹ́jísítà rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́, àti bóyá ó ti bá olùtajà náà tàbí onítrademark ṣe pọ̀ rí. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Mi ò dárúkọ olùtajà náà torí pé ẹjọ́ ṣì ń lọ, lọ́yà ẹni wa ló sì ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ti fi irú ìwé olóǹtẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ hàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo rìsíìtì yín, kí ẹ sì mú un lọ fún lọ́yà tiyín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan sí i.