Àpò pàjáwìrì tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ já mi kulẹ̀ lóru

Ìgbà 214 ni mo yí ọwọ́ rédíò yẹn lóru ọjọ́ náà. Ọmọ mi ló ń bá mi kà á. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, omi òjò ti wọlé dé àtẹ̀gùn kejì, gbogbo wa sì ti kó ara wa sí yàrá òkè. Rédíò onítọ́ọ̀ṣì inú àpò yìí la gbójú lé, torí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé ẹni tó bá ti lè yí ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bátìrì kiri. Mo yí i títí apá fi ń ro mí. Iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kú. Nígbà tí mo ní kí n yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ náà kán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jókòó sínú òkùnkùn, ọ̀pá ike lọ́wọ́. Ọmọ yìí wá ní, "Màámi, ṣé ká tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan ni?"

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ gbọ́n o. Tọ́ọ̀ṣì ló gọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rà á. Kì í ṣe àpò ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà rárá, ìbọn ni. Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ìmúrasílẹ̀ ló ń fi ìbọn ṣáájú: ṣé ṣakabùlà ló dáa ni àbí ìbọn ìléwọ́, ọta mélòó ló yẹ kéèyàn ní nílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ti ń kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn jáde láti ẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?"

Mo ní mẹ́rin: èmi, ọmọ méjì àti màmá mi.

"Omi ọjọ́ mélòó lẹ ní nílẹ̀?"

Mo ní bóyá ìgò mẹ́fà. Ó yí rìsíìtì ẹlòmíì dá, ó sì ṣírò ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn rẹ̀: lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, ènìyàn mẹ́rin, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Lítà 48. Ó wá wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. "Mà, ṣé òùngbẹ lẹ fẹ́ yìnbọn fún ni?"

Ó tún bi mí bóyá mo ní àpótí onírin tó ń tì, níbi tọ́wọ́ àwọn ọmọ kò ti ní í tó o. Ta ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí sì ni òfin ibi tí mò ń gbé sọ nípa ìwé àṣẹ. Mi ò ní ìdáhùn sí ọ̀kankan. Ó ní kí n lọ wá ìdáhùn náà kí n tó padà wá. Àpò ni mo gbé lọ sílé, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Títí di òní, mi ò tíì pàdé ẹlòmíì tó lé owó tó pọ̀ jù padà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpò yìí kò burú tó bẹ́ẹ̀, kí n má parọ́. Asẹ́ omi wà níbẹ̀, èyí tí ihò rẹ̀ kò ju 0.1 máíkírónì lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan). Ó ń dá kòkòrò bakitéríà dúró, àmọ́ ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì kéré sí ihò yẹn, kò sì lè dá epo tàbí kẹ́míkà dúró. Ìyá yẹn ti sọ ọ́ fún mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbójú lé àgbàrá tó wà nísàlẹ̀. Power bank wọn, wọ́n kọ 20,000 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́, sí i lára. Irọ́ kọ́, ẹ̀tàn ni: ní 3.7 volt ti bátìrì inú rẹ̀ nìyẹn, bó bá ti ń jáde sí fóònù ní 5 volt, kò lè kọjá 14,800.

Búláńkẹ́ẹ̀tì fàdákà ló yà mí lẹ́nu jù. Ó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Otútù ti mú màmá mi, eyín ń gbá ara wọn, síbẹ̀ nígbà tí mo yọ ọ́ síta, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ dì mí bí ẹrù ọjà ni?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi sùn. Bí wọ́n bá ti mí, nǹkan náà á dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, òun la fi ń mọ̀ nínú òkùnkùn pé ara wọn le. Fèrè inú àpò náà ṣiṣẹ́: ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ká dúró, ká tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, ẹnì kan tan iná sí wa láti òdìkejì òpópónà. Mo sunkún díẹ̀.

Nígbà tí omi fà, mo pe ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin kan gbé e. Ó ní gáráǹtì oṣù 12 ni, mo sì ti lo oṣù 14. Mo ní mi ò tíì lò ó rí ni mo fi ń pè. Ó fi orin dá mi dúró fún ìṣẹ́jú 22, ó padà wá, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ti gbìyànjú kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún tàn án?" Mo ní, "Ọmọ mi, ohun tí kò tàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ pa á?" Ó tún gbé orin sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá aláwò ojú ló gbé e. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, ó ní, "Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gba iná sí i?" Mo dákẹ́. Ó ní bátìrì lithium wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ tí à ń yí, bátìrì yẹn ló ń bọ́. Bó bá wà nílẹ̀ títí tó gbẹ tán, ó lè kú pátápátá. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló yẹ kí n máa gba iná sí i, ojú ìwé 11 ló wà. Mo lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ kò ju orí èèrà lọ.

Ìbínú mi rọlẹ̀, ó sì dùn mí pé ó rọlẹ̀. Àmọ́ kò fi gbogbo ẹ̀bi náà lé mi lórí. Ó ní ọwọ́ oníke yẹn kò lágbára, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ pè nítorí rẹ̀. Ó fi òmíràn ránṣẹ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ irin, kò sì gba kọ́bọ̀. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi mí pé, "Omi yẹn ńkọ́?" Mo ní lítà 31 la lò.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Fèrè ló ni ọ̀kan, búláńkẹ́ẹ̀tì ló ni ìkejì. Ìyá aláwò ojú kò sí nínú àpò tí wọ́n ń tà.