UPS APC 1100VA tí mo rà ní Banex: ẹ wo wáàtì kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù táípù àbí tẹ́ ẹ̀ ń fi desktop ṣiṣẹ́ nílé ní Àbújá níbí, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lo UPS APC BX1100LI, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kúbwà, ó dẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, àmọ́ kí n tó mọ èyí tó yẹ kí n rà, ojú mi rí nǹkan.

UPS tí mo kọ́kọ́ rà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, 650VA ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ẹ̀, mo rò pé 650 wáàtì nìyẹn. Ó pẹ́ kí n tó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò tí mo rí 360W tí wọ́n kọ wínníwínní. Wáàtì yẹn dẹ̀ ni agbára tó lè gbé o, VA máa ń pọ̀ jù ú lọ ni. Mo ti so kọ̀ǹpútà méjì mọ́ ọn, mo tún wá so printer laser mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ laser tó bá ń gbóná láti tẹ̀wé, iná tó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, UPS kékeré ò lè gbà á.

Ọjọ́bọ̀ kan la wà lórí ìwé ètò ìsìnkú, ojú ewé 24, fún ìdílé kan tó ń gbé òkú ìyá wọn lọ sí Òǹdó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iná lọ, UPS ké píìì ó kú, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún iná dé padà, ó dé tagbáratagbára, gílóòbù mọ́lẹ̀ wàá bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ́. Hard disk ò dìde mọ́. Laptop lèmi àti ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́rin ìdájí, ọmọ olóògbé jókòó tì wá, ó ń sọ pé "Àǹtí, ẹ má bínú, a ti dà yín láàmú." Èmi ló yẹ kí n máa bẹ̀ ẹ́! Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ní Banex, ní Wúsè 2, ọmọ Ìlọrin kan ló là mí lójú. Kó tó mú ọjà kankan jáde ló ti ń bi mí pé, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ so mọ́ ọn?" Ó mú bírò, ó ṣírò ẹ̀: kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ẹ̀ bíi 130 wáàtì, méjì jẹ́ 260, router bíi 10, ó ní kí n má ra èyí tó máa kún dẹ́nu, kí àyè ṣẹ́ kù. 1100VA yìí, 550 wáàtì ló ń gbé. Mo ní printer ńkọ́? Ó ní, "Háà, ẹ má dán an wò o, ara ògiri ni kẹ́ ẹ so laser mọ́." Ó tún ní kí n gbé UPS náà wò, ó wúwo dáadáa, bátìrì òjé ló wà nínú ẹ̀, ó ní èyí tó bá ti fúyẹ́ lọ́wọ́, bátìrì ẹ̀ ò lè tóbi.

Nǹkan tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni AVR, ìyẹn èyí tó ń tún iná ṣe tó bá rẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan AC, tí iná rẹlẹ̀ sí fóòtì 230 tó yẹ kó wà, ẹ máa gbọ́ "kẹ́" nínú ẹ̀, ó ti gbé e sókè nìyẹn láì fọwọ́ kan bátìrì. Tí iná bá wá lọ pátápátá, ojú kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú, á kàn máa ké, a ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀, kálukú á save, á pa tiẹ̀. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjèèjì mò ń rí bí ìṣẹ́jú méje sí mẹ́wàá, ó tó mi. Ẹ má rà á pé ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ wákàtí méjì, inverter ló ń ṣèyẹn. Ẹ̀yin ará Band A tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, ẹ má rò pé kò kàn yín, kí iná ṣẹ́jú báyìí péré, desktop ti kú tiẹ̀ nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, iná ẹ̀ kì í dúró lójú kan, UPS á kọ̀ ọ́, á máa jẹ bátìrì ẹ̀ títí á fi tán.

Ooru ibí yìí náà ńkọ́! Irú bátìrì yìí, tí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 10 kọjá 25, ọjọ́ ayé ẹ̀ ń dín kù sí ìdajì ni. Inú ìbòji ni mo gbé tèmi sí, mi ò gbé e sílẹ̀, mo dẹ̀ ń nu ihò atẹ́gùn ẹ̀ lásìkò ọyẹ́ torí eruku. Ọmọ Ìlọrin yẹn ní tó bá ti ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta kí n gbé e wá, òun á bá mi pààrọ̀ bátìrì.

Mi ò kọ iye tí mo rà á torí owó ẹ̀ ń yí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó náwó lé e, ẹ pe oníná kó wo earth ilé yín, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, tèmi, wáyà ẹ̀ ti já sẹ́yìn ilé látọjọ́ tó ti pẹ́, a ò dẹ̀ mọ̀.